Àwọn Beatles lẹ́yìn tí wọ́n túká: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù lọ

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán, pàápàá nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Paul McCartney ti gbé ní Ìkẹjà rí. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó lójú pọ̀ ló kẹ́yìn.

Ta ni wọ́n ń pè ní Beatles?

Ọmọkùnrin mẹ́rin láti Liverpool, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Lennon àti George Harrison ń ta gìtá, Paul McCartney ń ta gìtá béèsì, Ringo Starr ló ń lùlù. Richard Starkey ni orúkọ tí àwọn òbí Ringo sọ ọ́. Láti 1962 títí di 1970, òkìkí wọn kàn dé ibi tí ẹgbẹ́ olórin kankan kò tíì dé rí.

John àti Paul ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin náà. Wọ́n ti ṣàdéhùn láti ìgbà èwe pé orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò máa wà lára orin, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló dá a kọ. Ẹ fi àdéhùn yẹn sọ́kàn, a óò padà bá a níbi ọ̀rọ̀ owó.

Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n túká?

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń pè ní ìtúká. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1969 ni John sọ fún àwọn yòókù nínú ìpàdé pé òun ti ń lọ, wọ́n sì fi í pamọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1970 ni ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Paul ti kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé Paul ló tú ẹgbẹ́ ká, nígbà tó jẹ́ pé John ti kúrò ní nǹkan bí oṣù méje ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1970 ni Paul gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kìíní 1975 ni òfin sì tó já okùn náà pátápátá. Bí ìgbéyàwó ló rí: ọjọ́ tí ìyàwó kó ẹrù jáde kọ́ ni ọjọ́ tí kóòtù tú u ká.

Kí ló fà á?

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọmọ ọdún 15 ni Paul nígbà tó pàdé John ní 1957. Nígbà tó fi máa di 1969, wọ́n ti gbéyàwó, kálukú sì ti ń wo ọ̀nà tirẹ̀. Ringo ti bínú lọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ní 1968 kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ padà. George náà bínú lọ fún ọjọ́ mélòó kan ní oṣù Kìíní 1969.

Ṣùgbọ́n owó ló já okùn náà. Brian Epstein, máníjà wọn, kú ní oṣù Kẹjọ 1967 lẹ́ni ọdún 32. Látìgbà náà ni wọn kò ti ní àgbà tó lè bá wọn parí ìjà. Wọ́n dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1968, wọ́n pè é ní Apple, owó sì ń jò lọ níbẹ̀ bí omi inú agbọ̀n. John, George àti Ringo fẹ́ kí Allen Klein, oníṣòwò kan láti New York, máa bójú tó wọn. Paul kọ̀ ọ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀, Lee Eastman tó jẹ́ lọ́yà, ló fẹ́. Mẹ́ta dúró sápá kan, ẹyọ kan dúró sápá kejì.

Àwọn lọ́yà sọ fún Paul pé kò lè yọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ Klein láìpe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó pè wọ́n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà ti jinlẹ̀, torí ọ̀rẹ́ tó bá ti bá ara rẹ̀ dé kóòtù, àfi sùúrù. Ní 1973 àwọn mẹ́ta náà kẹ̀yìn sí Klein, àwọn àti òun sì di ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù.

Ṣé Yoko Ono ló tú wọn ká?

Rárá. Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù. Lóòótọ́, láti 1968 ni ó ti ń jókòó ti John nínú sitúdíò, èyí tí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ń ká wọn lára. Ṣùgbọ́n Yoko kọ́ ló pa Epstein, òun kọ́ ló ń ná owó Apple, òun kọ́ ló ní kí wọ́n máa fi orin George sílẹ̀. Paul fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba ní 2012 pé Yoko kọ́ ló tú àwọn ká. Bí ilé bá tú, obìnrin tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Ẹ jẹ́ ká sinmi rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ dá ṣe àwo tirẹ̀?

George, ní oṣù Kọkànlá 1968, pẹ̀lú orin tó ṣe fún fíìmù kan. John àti Yoko tẹ̀ lé e ní oṣù náà gan-an. Nígbà yẹn ẹgbẹ́ kò tíì túká.

Orin ta ló kọ́kọ́ dé ipò kìn-ín-ní lẹ́yìn ìtúká?

Ti George tún ni, ó sì ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wà pa pọ̀, orin kan tàbí méjì ni John àti Paul máa ń fi sílẹ̀ fún un nínú àwo kan. Ó ń kọ orin, ó ń tò ó jọ. Ní oṣù Kìíní 1969 ó mú orin kan wá fún wọn, wọ́n dán an wò díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1970, ó fi àkọlé orin yẹn kan náà, All Things Must Pass, sọ àwo tirẹ̀. Àwo mẹ́ta ló wà nínú páálí kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n ń bù díẹ̀díẹ̀ fún ló gbé odidi ìkòkò jáde.

Inú àwo yẹn ni My Sweet Lord wà, orin ìyìn tó da Halelúyà àwọn Kristẹni pọ̀ mọ́ orúkọ Krishna. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ àwo kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí àwọn mẹ́rin yìí dá ṣe, èyí ni kí ẹ gbọ́.

Nínú àwọn mẹ́rin, ta ló ṣe dáadáa jù?

Bí a bá ń ka orin tó dé ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, Paul ní mẹ́sàn-án, George mẹ́ta, John àti Ringo méjì méjì. Paul ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ló rówó jù. Orin rẹ̀ kan ní 1977, nípa àdúgbò oko rẹ̀ ní Scotland, ni àwo kékeré àkọ́kọ́ tó tà ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Ìlú Ọba.

Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwo John ti oṣù Kejìlá 1970 kò tà tó ti Paul, síbẹ̀ kò sí èyí tí ohùn ènìyàn hàn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, tó ń ké pe ìyá. Fún mi, George ló ní àwo tó dára jù, John ló ní òótọ́ jù, Paul ló ní iṣẹ́ ọwọ́ jù. Ẹ lè bá mi jiyàn.

Ringo tó jẹ́ onílù ńkọ́?

Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré rẹ̀, wọ́n sì ń ṣàṣìṣe. Láàrin 1971 sí 1974 orin rẹ̀ ń ṣe dáadáa lórí àtẹ. Ìwà rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́: òun nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni yan odì pátápátá. Nígbà tó ṣe àwo rẹ̀ ti 1973, John kọ orin fún un, George bá a kọ, Paul náà dá sí i. Kò sí àwo mìíràn lẹ́yìn ìtúká, nígbà tí àwọn mẹ́rin ṣì wà láàyè, tí gbogbo wọn lọ́wọ́ sí bẹ́ẹ̀. Láti 1989 ló ti ń kó àwọn olórin tó ti lókìkí tẹ́lẹ̀ jọ, tí wọ́n jọ ń rin ìrìn àjò eré, kálukú ń kọ orin tirẹ̀.

Kí ni Wings? Ṣé Paul tún dá Beatles mìíràn sílẹ̀ ni?

Ẹgbẹ́ tí Paul dá sílẹ̀ ní 1971 ni, pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine. Linda kì í ṣe olórin tẹ́lẹ̀, ayàwòrán ni. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe ẹlẹ́yà fún ọdún púpọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Paul ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn ìtúká: ó wà lóko rẹ̀ ní Scotland, ó ń mutí, kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn láàárọ̀. Linda ló gbé e dìde. Ó fẹ́ kí ẹni tó gbé òun dìde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lórí pèpéle, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bi í léèrè.

Ní oṣù Kejì 1972, wọ́n kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ajá, wọ́n ń yà ní yunifásítì kan sí èkejì láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn lè ṣeré níbẹ̀. Nottingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ orin Beatles kankan. Ẹni tó ti ṣeré níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wà títí di 1981.

Ṣé òótọ́ ni pé ó wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní Èkó?

Òótọ́ ni. Oṣù Kẹjọ 1973 ló dé, ó sì wà níbẹ̀ wọ oṣù Kẹsàn-án. Àwo tó bá a lọ sílé ni Band on the Run. Ó ti ní kí EMI, iléeṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ní sitúdíò lágbàáyé fún òun. Ó rí Èkó nínú rẹ̀, oòrùn àti etíkun sì wá sí i lọ́kàn. Àkókò òjò ló bọ́ sí.

Kí wọ́n tó gbéra, ẹgbẹ́ ti fọ́. Henry McCullough tó ń ta gìtá ti lọ. Denny Seiwell onílù pè lórí fóònù lálẹ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ní òun kò lọ mọ́. Nítorí náà, olórin mẹ́ta péré ló bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà: Paul, Linda àti Denny Laine, pẹ̀lú Geoff Emerick tó máa gba ohùn sílẹ̀. Ìlù tí ẹ ń gbọ́ nínú àwo náà, Paul fúnra rẹ̀ ló lù ú.

Ìkẹjà ni wọ́n háyà ilé sí, Apápá ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Sitúdíò wo ni, báwo ló sì ṣe rí?

Ti EMI, ní Wharf Road, Apápá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ àwo. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lójú ọ̀nà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sí yàrá tí wọ́n pín sọ́tọ̀ fún akọrin tàbí onílù, àwọn apá kan nínú ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bíi pé inú igbó ni Paul ti ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ tún ìyẹn ṣe. Ojú ọ̀nà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ tí Beatles fi ṣe àwo wọn tó lókìkí jù lọ ní 1967, ní Lọ́ńdọ̀nù. Apápá sì ni ibi tí Èkó ti ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde nígbà náà. EMI ló ń gbé àwo Fẹlá gan-an jáde lákòókò yẹn. Sitúdíò iṣẹ́ ni. Àwo tó jáde níbẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, wọ́n parí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi fèrè àti gòjé sí i, ṣùgbọ́n Apápá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà.

Ṣé wọ́n dá Paul lọ́nà ní Èkó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn padà sílé lálẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Ọkọ̀ kan dúró, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Linda ń kígbe pé kí wọ́n má pa á, olórin ni. Wọ́n gba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan káṣẹ́ẹ̀tì tí Paul gba àwọn orin tuntun náà sí àti ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Orí ló fi rántí gbogbo rẹ̀ padà.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní 1970, ìbọn àti ìyà sì pọ̀ nígboro. Ìdigunjalè wọ́pọ̀ débi pé láti 1971 ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa adigunjalè níwájú èrò ní Bar Beach. Inú Èkó yẹn ni tọkọtaya náà ń gbafẹ́ lálẹ́.

Paul tún dákú níta sitúdíò lọ́jọ́ kan. Ó rò pé ikú dé. Dókítà ní sìgá ló pọ̀ jù, ọ̀nà èémí rẹ̀ ló fún pọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti Fẹlá?

Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà. Ó lọ bá a ní sitúdíò. Paul tẹ orin tó ti gbà sílẹ̀ fún un, Fẹlá gbọ́ pé kò sí ohun tó jọ tiwa níbẹ̀, ìjà sì rọlẹ̀. Báyìí ni Paul ṣe máa ń ròyìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé oníjàngbọ̀n ni Fẹlá. Èmi kò gbà. Ìbéèrè tó tọ́ ló béèrè: kí lẹ wá ṣe níbí, ta ló sì máa jèrè rẹ̀? Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń kó igi, epo àti koko gba Apápá kan náà jáde, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nípa orin.

Paul lọ sí Shrine. Ó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé nígbà tí ìlù àti fèrè wọlé, òun sunkún, àti pé òun kò tíì rí ẹgbẹ́ tó ṣeré lójú agbo tó bẹ́ẹ̀ rí. Tony Allen ló ń lùlù fún Fẹlá nígbà náà. Ẹgbẹ́ yẹn náà sì túká: lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin ní 1978, ọ̀pọ̀ ló fi Fẹlá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó, Tony Allen náà lọ dá dúró. Páríìsì ló kú sí ní 2020, lẹ́ni ọdún 79, tí àwọn onílù káàkiri ayé ń pè é ní ọ̀gá.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà kankan wà nínú àwo náà?

Ẹnì kan, Remi Kabaka, ọmọ Èkó tó ń lùlù. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti lù ú, nínú orin Bluebird. Paul ti ní in lọ́kàn láti lo àwọn olórin Èkó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀sùn Fẹlá ó pa èrò náà tì. Ó dùn mí. Ìbéèrè Fẹlá tọ́, síbẹ̀ àwọn olùlù tí ì bá gbowó, tí orúkọ wọn ì bá wà lẹ́yìn àwo náà, kò sí níbẹ̀.

Kí ni Ginger Baker ń ṣe ní Ìkẹjà tirẹ̀?

Onílù Cream ni, ẹgbẹ́ ńlá mìíràn ní Ìlú Ọba tó túká ní 1968. Ó wá sí Nàìjíríà, ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì kọ́ sitúdíò tirẹ̀, ARC, sí Ìkẹjà ní 1973. Ó fẹ́ kí Paul ṣe gbogbo àwo náà lọ́dọ̀ òun. Paul ṣe orin kan níbẹ̀ láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ginger Baker sì mi agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ sí orin náà.

Kí ló pa John Lennon pọ̀ mọ́ ogun Bìáfùrá?

Ní 1965 Ọbabìnrin fi oyè MBE dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́lá. Ní oṣù Kọkànlá 1969, John dá tirẹ̀ padà sí ààfin. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ń fi ẹ̀hónú hàn sí ọwọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ọ̀rọ̀ Nàìjíríà àti Bìáfùrá, sí bí wọ́n ṣe ń ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ní Vietnam, àti sí bí orin òun kan ṣe ń já wálẹ̀ lórí àtẹ.

Ìdí kẹta yẹn bàjẹ́ fún mi títí dòní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀ wa nígbà tí àwọn ọmọdé ń fi ebi kú. Ọ̀rọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jókòó ti orin tí kò tà.

Kí ló dé tí John fi dákẹ́ fún ọdún márùn-ún?

Ó kó lọ sí New York ní 1971, kò sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ lé e nítorí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi igbó ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1968. Ohun tó ń sọ lòdì sí ogun Vietnam gan-an ló ń bí wọn nínú. Oṣù Kẹwàá 1975 ló borí ní kóòtù, ọ̀sẹ̀ kan náà tí Yoko bí Sean fún un. Ó jókòó sílé láti tọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́kọ́, Julian, wà ní kékeré, kò ráyè fún un, ó sì mọ̀.

Oṣù Kọkànlá 1980 ni àwo tuntun òun àti Yoko jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi orin bú ara wọn?

Paul kọ́kọ́ sọ òkò ọ̀rọ̀ nínú àwo rẹ̀ ti oṣù Karùn-ún 1971. John fèsì ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà nínú Imagine, èébú rẹ̀ sì le ju ti Paul lọ fíìfíì. George ló ta gìtá sí i. Àwọn tó dàgbà sórí orin àwọn oníjùjú àti fújì mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá: ní 1974 John àti Paul jọ ṣeré ní sitúdíò kan ní California, John ta gìtá, Paul lùlù, ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n jọ gba orin sílẹ̀.

Ṣé George jí orin tó fi gba ipò kìn-ín-ní?

Adájọ́ kan ní New York dá a lẹ́bi ní 1976. Ó ní ohùn My Sweet Lord jọ ti orin kan tí àwọn Chiffons kọ ní 1963, ṣùgbọ́n pé George kò mọ̀ọ́mọ̀. Ohùn náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn láìmọ̀. Nílé wa, àwọn oníjùjú ti ń mú ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìṣáájú wá lò láti ìgbà pípẹ́, agbo sì máa ń fi tayọ̀tayọ̀ dá a mọ̀. Òfin rẹ́kọ́ọ̀dù kò mọ ìyẹn. Mo gbọ́ orin méjèèjì, wọ́n jọra.

Ibi tó burú ni èyí: Allen Klein, tó jẹ́ máníjà George nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, tó mọ gbogbo àṣírí rẹ̀, lọ ra iléeṣẹ́ tó ń pe George lẹ́jọ́. Ó wá jókòó sí apá kejì. Ní 1981 adájọ́ ní kò gbọ́dọ̀ fi jèrè: kí George san 587,000 dọ́là tí Klein fi ra ẹ̀tọ́ náà, kí ẹ̀tọ́ sì di ti George.

Owó tí George kó jọ fún Bangladesh, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn?

Ó dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1971 ni òun àti Ravi Shankar, olórin ọmọ Íńdíà, ṣe eré méjì ní Madison Square Garden ní New York, Ringo sì wà níbẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà tètè dé ọ̀dọ̀ UNICEF. Ti àwo àti fíìmù ló há sọ́wọ́ àwọn agbowó orí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé wọn kò ti forúkọ eré náà sílẹ̀ ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ti àánú. Iṣẹ́ Klein nìyẹn, kò sì ṣe é.

Ta ló ni àwọn orin Beatles, kí ló dé tí kì í ṣe Paul?

Nǹkan méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àti orin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Èyí tó ń dá wàhálà ni ìkejì. John àti Paul ti fi orin wọn sábẹ́ iléeṣẹ́ kan, Northern Songs, nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ní 1969, láàrin ìjà wọn, àwọn tó ní ìpín tó pọ̀ níbẹ̀ tà á fún iléeṣẹ́ ATV. Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ń bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa ni, bóyá wọn ì bá rà á.

Ní 1985 Michael Jackson ra ATV ní 47.5 mílíọ̀nù dọ́là. Paul fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé owó ń bẹ nídìí níní ẹ̀tọ́ orin. Lẹ́yìn ikú Michael, Sony ra ìpín rẹ̀ ní 2016. Paul pe Sony lẹ́jọ́ ní 2017 lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tó jẹ́ kí ẹni tó kọ orin gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún 56, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn lọ́dún náà. Paul kò tún irú àṣìṣe yẹn ṣe: iléeṣẹ́ tirẹ̀, MPL, ló ń ṣọ́ orin tó kọ lẹ́yìn ìtúká.

Ṣé wọ́n tún kọrin pọ̀ láti ìgbà náà? Orin tó jáde ní 2023, ṣé ti Beatles ni?

Àwọn mẹ́rin kò tún dúró lórí pèpéle kan ṣoṣo mọ́. Ní 1994 Yoko fún Paul ní àwọn káṣẹ́ẹ̀tì tí John gbà sílẹ̀ nílé. Àwọn mẹ́ta tó kù fi ohùn tiwọn kún méjì nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1995 àti 1996. Ìkẹta, Now and Then, kò ṣeé ṣe, nítorí pé dùùrù bo ohùn John mọ́lẹ̀ nínú téèpù. George kú ní oṣù Kọkànlá 2001.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lè ya ohùn kúrò lára dùùrù dé, Paul àti Ringo parí rẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2023, ó gba ipò kìn-ín-ní ní Ìlú Ọba, ó sì gba Grammy ní 2025. Àwọn kan ń pè é ní ohùn ayédèrú tí kọ̀ǹpútà dá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò dá ohùn John, ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló nù kúrò. Gìtá George tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ ti wà lórí téèpù láti 1995. John ló kọ ọ́, George ta gìtá sí i nígbà tó wà láàyè, Ringo lùlù, Paul dúró tì í títí ó fi parí. Orin Beatles ni.